Ìyá Ìbejì Kì Í Ṣe Orúkọ

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀rọ̀ orúkọ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó fi mí rẹ́rìn-ín. Inú ìwé ni mo ti gbà kí orúkọ fara pamọ́. Lára túbù ẹ̀jẹ̀, mi ò gbà.

Èmi ni olórí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Atakpamé. Làbó ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àwa márùn-ún là ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn mẹ́rin tó kù sì ń pè mí ní Davi, bí àwọn Ewé ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn mi pẹ̀lú. Olóríkunkun ni wọ́n ń pè mí, wọn ò sì purọ́. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀ lé ìbejì nílé wa, gbogbo ayé ló sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Láràárọ̀, kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kankan, a máa ń kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní ẹ̀jẹ̀ kan tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìgò. Tí ẹ̀rọ bá sọ ohun tí a retí, a ó fi bíírò kán àmì sórí pépà tó wà lára ògiri, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Tí àmì bá bọ́ síta ìlà pupa, kò sí àyẹ̀wò. Bí èèyàn tilẹ̀ tò dé ẹnu géètì, kò sí àyẹ̀wò. Nígbà kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pẹ́ dé, ó wá kán àmì sórí pépà láì tan ẹ̀rọ rárá. Mo mọ̀, torí pé àmì náà dára jù. Àárín gbùngbùn ló kán an sí, níbi tí ẹ̀rọ wa ò dé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá. Mo ní kó jókòó, kó ṣe é lójú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀, kò sì dùn mí.

Àmọ́ ẹ̀rọ ò mọ orúkọ. A lè máa ṣọ́ ọ tàárọ̀ tàlẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ tí a gbé síwájú rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, òótọ́ nípa ẹlòmíràn ló máa sọ fún wa, kò sì ní ṣiyèméjì. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá ti bí ìbejì, orúkọ rẹ̀ ti tán nìyẹn. Ìyá Ìbejì ló kù. Ọkọ ń pè é bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ ń pè é bẹ́ẹ̀, fadá pẹ̀lú, àti ẹni tó ń ta epo lẹ́bàá títì. Àwọn Ewé náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún un. Ọ̀wọ̀ ni. Nílé àwọn tó ṣì ń bọ ìbejì, ẹni tó bá pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lórúkọ gbayawu, wọ́n á ní ó fẹ́ bí àwọn ọmọ náà nínú. Ìyá Ìbejì ni ìyá tèmi náà. Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá kí n tó mọ orúkọ rẹ̀, inú ìwé ìrìbọmi sì ni mo ti bá a. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Ó ṣe mí bíi pé obìnrin kan ti ń gbé nílé wa láti ìgbà yìí wá, tí kò sẹ́ni tó fi mí mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí ṣe olórí ni mo ti ń sọ ọ́: orúkọ tó wà lórí ìwé ẹni, orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, kí wọ́n kọ ọ́ sára túbù lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn agbẹ̀bí máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní mo fẹ́ sọ ilé ìwòsàn di àgọ́ ọlọ́pàá.

Ó wá di ọjọ́ kan, nǹkan bí agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Wọ́n gbé obìnrin kan wá láti abúlé kan lápá Mọretan. Àná ló bí ìbejì nílé, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Àárín ẹni tó wa ọ̀kadà àti àbúrò ọkọ rẹ̀ ni wọ́n há a sí títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, ìyá ọkọ rẹ̀ sì gbé àwọn ìkókó tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà mìíràn. Láìpẹ́, obìnrin tó máa ń gbé túbù káàkiri gbé ọ̀kan wọlé, ó ní ti wọ́ọ̀dù ìbímọ ni, kí a yára. Ọmọ iṣẹ́ mi gbà á, ó wo irú ẹ̀jẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ó ní A ni. Àpò ẹ̀jẹ̀ A méjì wà nínú fíríìjì, kò sì sí irú mìíràn. Inú gbogbo wọn dùn. Èmi gbé túbù náà, mo wò ó. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni: Ìyá Ìbejì.

Dókítà, tó máa ń pe èmi olórí làbó ní Ṣẹ́ẹ̀fù, ti dé ojú fèrèsé, ó na ọwọ́.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ gbé A yẹn fún mi. Obìnrin yìí ń lọ o."

"Ta ni obìnrin náà?"

"Ìyá Ìbejì."

"Mo ní ta ni?"

Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú. "Ìyá Ìbejì kan ṣoṣo ló wà ní wọ́ọ̀dù ìbímọ. Gbogbo ilé ìwòsàn ló mọ̀ ọ́n!"

"Túbù yìí ò mọ̀ ọ́n," ni mo wí. Mo ti fíríìjì pa, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, mo mú abẹ́rẹ́ àti túbù tuntun, mo sì sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó ń pariwo tẹ̀ lé mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tan yín. Bí A bá jẹ́ A lóòótọ́, tí obìnrin náà sì kú kí n tó padà, èmi ni mo pa á, kò sì sí ẹni tí yóò gbà mí sílẹ̀.

Obìnrin náà ti funfun lórí bẹ́ẹ̀dì. Omi ń kán sí i lára lọ́wọ́ ọ̀tún, mo di ọwọ́ òsì mú. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ìkókó kan dání, àbúrò ọkọ gbé èkejì.

"Kí lorúkọ rẹ?" ni mo bi í.

Ìyá ọkọ ló dáhùn. "Ìyá Ìbejì ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, òun ni mò ń bi. Orúkọ rẹ̀ gan-an."

"Ha! Ṣé ọmọdé ni, tí ẹ ó fi máa pè é lórúkọ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀? Kí àwọn ìbejì tó dé, Ìyàwó là ń pè é. Láti àná, Ìyá Ìbejì ni. Orúkọ wo lẹ tún ń wá?"

Mo bi í léèrè orúkọ tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ nílé bàbá rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Àbúrò ọkọ ò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ mọ́ obìnrin náà, mo gbé etí mi sún mọ́ ẹnu rẹ̀, mo tún bi í. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀. Mo kọ ọ́ sára túbù lójú rẹ̀, mo sì sáré padà.

Èmi fúnra mi ni mo kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí táìlì funfun. O ni. Mo tún un ṣe. O ni, ẹ̀jẹ̀ A ì bá sì pa á. Ọmọ iṣẹ́ mi wo táìlì, ó wo ojú mi, ó jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ A tí wọ́n gbé wá, ti ìyá àgbà kan láti apá Kamina ni, tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ìpákè ní wọ́ọ̀dù mìíràn. Ìbejì tirẹ̀ ti ń kó ọmọ-ọmọ jọ, síbẹ̀ Ìyá Ìbejì náà ni wọ́n kọ sára túbù tirẹ̀. Túbù méjèèjì jọ wà lórí tábìlì kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, obìnrin tó ń gbé wọn sì mú èyí tó kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ pàdé. Kò sí ìkà nínú wọn. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi pa á.

Agbẹ̀bí tó kọ Ìyá Ìbejì sára túbù ti wọ́ọ̀dù ìbímọ gbọ́, ó sì wá sí làbó. Òun ló máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò sì bá a wí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Davi, O ni mí. Ẹ fà á." Kó tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó ti yẹ, a fi wé ti obìnrin náà, ó bá a mu. Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá gbé àpò náà. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àṣìṣe làbó, níbi tí a ti ń kọ ohunkóhun tó bá wọ́ sílẹ̀.

Ẹ rò pé wọ́n á dúpẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn pè mí sí ọ́fíìsì. Ẹbí ọkọ ti fẹjọ́ sùn pé mo fi ẹ̀jẹ̀ falẹ̀, mo sì rí ìyá ìbejì fín. Wọ́n ti tẹ ìwé àforíjì sílẹ̀ dè mí, ní èdè Faransé tó dán. Ọwọ́ mi nìkan ló kù.

"Màdáàmù, obìnrin náà yè," ni ọ̀gá wí. "Kí ló tún kù? Ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fa ojú ìwé yẹn ya nínú ìwé àṣìṣe yín, kó má baà di wàhálà sí gbogbo wa lọ́rùn."

"Torí pé mo kọ̀ ló ṣe yè," ni mo dá a lóhùn. "Ojú ìwé yẹn ò ní ya. Tí wọ́n bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á, ìwé àṣìṣe á ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀."

Ó ní kí n gbé ìwé àforíjì náà lọ sílé, kí n rò ó wò. Mi ò gbé e dé ilé. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó sì mọ́. Mo mú bíírò pupa, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn náà gàdàgbà: ÌYÁ ÌBEJÌ KÌ Í ṢE ORÚKỌ. Mo tún un kọ ní Faransé àti ní Ewé, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé làbó. Ọ̀gá ti kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tíì ní kí n ṣí i kúrò, kò sì tíì dárí jì mí.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, obìnrin náà wá fún àyẹ̀wò. Ó pọn ọmọ kan, ìyá ọkọ rẹ̀ pọn èkejì. Kí n tó la ẹnu, ìyá ọkọ náà ti rí ìwé ojú fèrèsé, wọ́n sì ti kà á fún un lórí ìlà. Ó fi ìka méjèèjì di etí rẹ̀, ó yíjú sí ògiri, torí pé kò yẹ kó gbọ́ orúkọ ìyá ìbejì. Obìnrin náà sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i, ketekete. Mo kọ ọ́, mo fa ẹ̀jẹ̀, mo fi òwú dí ojú abẹ́rẹ́.

Kò dìde. Ó wo ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù, ẹ bá mi ka ohun tí ẹ kọ síbẹ̀."

Mo gbé túbù sókè, mo sì pè é ní orúkọ rẹ̀, sókè, débi pé gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gbọ́.

"Èmi nìyẹn," ló wí.