Ibùsọ̀ Mẹ́fà Lójú Ọ̀nà Àkrà

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹni tí oòrùn ń pa sún wá sábẹ́ òrùlé, kí ẹni tí ó pọn ọmọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀pẹ́, ilé wa kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ẹja gbígbẹ ni bàbá mi ń tà. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, ọmọ ìyá rẹ̀, tí ó ti lọ sí Àkrà, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gólù Kóòsì nígbà náà, kí wọ́n tó bí mi. N kò rí ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí rí, ṣùgbọ́n mo mọ yàrá rẹ̀. Yàrá kejì lápá ọ̀tún ni. Ìyá àgbà, ìyá tí ó bí àwọn méjèèjì, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀.

Ní ọdún kan, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, ọkùnrin kan tí ó ti Àkrà dé wá jíṣẹ́ fún wa. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣàìsàn, àìsàn náà ti wọ oṣù kẹta, aláìsàn náà sì ní kí àbúrò òun wá gbé òun wálé, òun fẹ́ rí ìyá òun. Kò sí ohun mìíràn nínú iṣẹ́ náà. Ọkùnrin yìí mu omi, ó ní òun kò jẹun, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá àgbà kò sunkún. Ó dìde, ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ gbá yàrá kejì lápá ọ̀tún.

Bàbá mi ní òun yóò lọ. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ní lọ́rì sọ̀rọ̀, wọ́n fi ìrìn náà sí ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Èmi ni mo ń lọ sí ilé ìwé nínú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí náà èmi ni ó pè pé kí n mú bébà wá, kí n kọ àwọn ibi tí wọn yóò ti dúró sílẹ̀.

Ó yẹ kí n la ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Ní ìdílé wa, ènìyàn kì í gba ìlú tí ẹbí rẹ̀ wà kọjá kí ó má yà kí wọn. Bí o bá sì yà, o kò ní kúrò níbẹ̀ kí o tó sun oorun mẹ́ta. Àwọn àfáà ti kọ́ wa pé ẹ̀tọ́ àlejò lọ́wọ́ onílé ni ọjọ́ mẹ́ta. Àwa ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ onílé lọ́wọ́ àlejò pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá lọ ní ọjọ́ kejì, wọn yóò máa bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi jókòó lórí ẹní, ó ń dárúkọ àwọn ibùsọ̀ náà, ojú rẹ̀ sì ń dán, nítorí ó fẹ́ràn ìrìn àjò. Ó kọ́kọ́ pe Ìkòròdú, níbi tí àwọn òbí ìyá mi wà. Lẹ́yìn náà Èkó, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wa tí ó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ó pe Ọ̀tà, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kéwú. Ó ní bí wọ́n bá kọjá ẹnu ibodè àwọn Faransé, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́, oníbàárà rẹ̀ sì wà ní Kútọnu tí kò ní gbà kí ó kọjá. Lomé ni ó ṣe ìkẹfà, nítorí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan tí ó gbé ìyàwó níbẹ̀. Ó ní ìrìn náà yóò wúlò fún gbogbo ènìyàn, òun yóò tún ta ẹja lójú ọ̀nà. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ dáadáa.

Ìyá àgbà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n ka ìwé náà sí òun létí. Mo kà á.

“Ọjọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀?”

Mo ní ọjọ́ méjìdínlógún, láìka èyí tí wọn yóò fi rìn.

Ó yíjú sí bàbá mi. “Ṣé aláìsàn ni o fẹ́ lọ gbé, àbí ìyàwó?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ìyá mi, ṣé kí n gba ẹ̀yìnkùlé àna mi kọjá bí olè ni? Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni yóò kọ́kọ́ bá mi wí.”

“Bí o bá bá a láyé kí ó bá ọ wí.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“N kò sọ nǹkan kan. Kọjá lára gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ wá yà.”

Bàbá mi kò ní kí n pa ìkankan rẹ́ nínú ìwé náà.

Ilé ìwé ti gba ìsinmi, nítorí náà wọ́n ní kí n bá wọn dé Ìkòròdú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, Ìyá àgbà di pákó ẹ̀yìn lọ́rì mú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ àdúrà kankan. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà débi pé awakọ̀ tan iná mọ́tò ní ojúmọmọ. Ọkọ̀ tí ó bá ń bọ̀ níwájú, a kò ní rí i títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kàn wá. A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a kọjá Ṣàgámù. Nígbà tí a sún mọ́ Ìkòròdú ni bàbá mi ní kí awakọ̀ má pa ẹ́ńjìnnì, pé òun yóò kàn kí àna òun, kí àwọn sì máa lọ.

Bàbá ìyá mi ti jókòó síta. Ó gbọ́ bí lọ́rì náà ṣe ń kùn.

“Ṣé ilé wa ti di ibùdókọ̀ ni,” ó ní, “tí ọkọ ọmọ wa fi ń kí wa lórí ìrìn?”

Gbogbo ará ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ó bojú wẹ̀yìn wo awakọ̀, ó ṣẹ́wọ́ sí i, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Wọ́n ṣe wá lálejò, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, obìnrin oníṣòwò kan láti Ìgbògbò wá kí wa. Kò tíì pẹ́ tí ó ti Àkrà dé, ó sì mọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi níbẹ̀. Ó wo bàbá mi títí.

“Ẹ̀yin ni àbúrò wọn. Ẹ jọra. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ń gbé wọn jáde sínú oòrùn.”

“Ṣé wọ́n ń jẹun?”

Obìnrin náà wo ilẹ̀. “Wọ́n ń béèrè ọkọ̀ tó dé.”

Bàbá mi dìde. Ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá ìyá mi ní àwọn ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí Ìgbògbò fún ọ̀la, wọ́n ti so àgbò mọ́lẹ̀. Kò jágbe, kò bínú, ó kàn sọ ọ́ ni. Bàbá mi bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan náà, ó jókòó. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó kúrò.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù, ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ó ní ní Èkó, ní Ọ̀tà, ní Àjàṣẹ́, òun ń sọ pé alẹ́ kan ṣoṣo ni, wọ́n sì ń bi òun pé kí ni àwọn ṣe, òun a sì sun oorun mẹ́ta náà pé. Ní Kútọnu, ó bú sẹ́kún níwájú oníbàárà rẹ̀, ó sì lọ lọ́jọ́ náà. Ó kọjá Lomé láìyà. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni ó wọ Àkrà. Wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ìyàwó olóògbé kò dá a lẹ́bi. Ó ní, “Wọ́n ń ka ọ̀nà fún yín ni. Wọ́n á ní, ‘Àbúrò mi á ti wà ní Ìkòròdú báyìí, ẹ jẹ́ kí ó jẹun.’ Tó bá tún ṣe díẹ̀, wọ́n á ní ẹ ti dé Èkó. Àjàṣẹ́ ni wọ́n kà yín dé.”

Ilé kan náà ni ó tọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tí ń kú lọ mọ gbogbo ibi tí àbúrò rẹ̀ yóò ti dúró, kò sì rò pé ó yẹ kí ó kọjá.

Nígbà tí bàbá mi ń bọ̀, kò yà níbì kankan. Ó dúró sí ojú títì ní Ìkòròdú, ó ní òun wá mú ọmọ òun. Bàbá ìyá mi rí ìyàwó olóògbé àti ọmọbìnrin rẹ̀ nínú lọ́rì, pẹ̀lú ẹrù, kò sì ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ní Ẹ̀pẹ́, Ìyá àgbà ń wo ẹ̀yìn lọ́rì náà títí ẹni ìkẹyìn fi sọ̀ kalẹ̀. Ó di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú, wọ́n wọlé. Títí ó fi kú, kò bi bàbá mi léèrè ohun tí ó dá a dúró.

Lónìí, ẹ ó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ní Èkó, ẹ ó jẹ tọ̀sán ní Àkrà. Tẹlifóònù ni ẹ fi ń kí ẹbí. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ mi ń gba iwájú ilé mi kọjá láìyà, ó sì máa ń dùn mí. Mo lè ránṣẹ́ pè wọ́n padà. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Àfáà ni ó pín ogún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọmọbìnrin ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù, ìyàwó gba tirẹ̀, Ìyá àgbà sì gbé ìpín tirẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Agbádá funfun kan ni ó kan bàbá mi, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán sílẹ̀ láti fi wọ ìlú bí ó bá ń bọ̀ wálé. Ó gùn jù fún un. Kò jẹ́ kí télọ̀ kankan fọwọ́ kàn án.