Nọ́ńbà Ìyá Akọ̀wé

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọkọ mi ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí i lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ ó rò pé òkúta ló ń fọ́.

Ìwé mi ò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ti ṣàlàyé fún mi títí ó fi yé mi. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bíi nọ́ńbà ojúlé, kí wọ́n tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi wá yọ gbogbo nọ́ńbà àtijọ́ kúrò, ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ tí yóò máa pín in fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí ara tù wá. Ara wo? Ojoojúmọ́ ni kọ̀ǹpútà ọ̀gá àgbà ń já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bẹ́ẹ̀, orí kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n ti máa ṣí ìdánwò àwọn ọmọ lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá ní tó bá fi já lọ́jọ́ náà, kí ọkọ mi máa lọ sílé.

Ó tú wáyà, ó tún un dì. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ kan, ó kanra mọ́ mi bíi pé èmi ni mo já wáyà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo mú awò ojú tó gbàgbé lọ fún un. Ìdí kọ̀ǹpútà Ìyá Akọ̀wé, akọ̀wé ọ̀gá, ni mo bá a. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni kò tíì yẹ̀ wò, torí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó gbé awò sójú, ó figbe ta.

"Mà, ta ló tẹ nọ́ńbà yìí padà síbí?"

"Èmi ni. Nọ́ńbà mi ni. Látìgbà tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ni."

"Ẹ̀rọ ti fún ọ̀gá ní nọ́ńbà yẹn! Ojúlé kan náà lẹ jọ ń jà dù!"

"Kí ọ̀gá lọ wá òmíràn. Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ọkọ mi wò mí bíi pé kó gbé mi mì.

"Tí mo bá yọ ọ́ ńkọ́, mà?"

"Màá tún un tẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ àbísọ mi."

Ọkọ mi mí kanlẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ya nọ́ńbà náà sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà Ìyá Akọ̀wé nìkan, kí ẹ̀rọ má fún ẹlòmíràn mọ́. Ọ̀gá gba tuntun.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ ṣèdánwò, nǹkan kan ò já. Mo ní inú ọkọ mi á dùn. Àṣé Ìyá Akọ̀wé ti ń yangàn káàkiri! Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, gbogbo akọ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọkọ mi, kálukú ń bèèrè nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó ju báàgì sórí àga. "Ọwọ́ ni mo tún fi ń pín in o, ìyàwó mi."

Mo gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ o, ṣùgbọ́n ìkanra ló fi jẹ ẹ́.