Ta Ni Mrs Faiz Tí Wọ́n Kọ Sára Ògiri Alma?

Saadat Àjọkẹ́ Kareem ti kú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń fún ojú pọ̀ báyìí, tí ẹ ń bi ara yín pé ta nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́: Mummy Faiz ni. Ẹ ò rí nǹkan? Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹta ọdún 1994 yìí ló sùn nílé rẹ̀ ní Yarnton Way tí kò jí mọ́, a sì sin ín lọ́jọ́ kejì. Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n ṣí Alma, tíátà àtijọ́ tó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ wó o.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Woolwich nílùú òyìnbó níbí á rántí bí Alma ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà òyìnbó sọ pé láyé bàbá wọn, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ti ń lọ rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ilé ẹyẹlé ni. Igi ti hù lórí òrùlé rẹ̀, àwọn tó ni ín sì fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mummy Faiz, tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, gbọ́ ìtàn tíátà náà lẹ́nu àwọn tó ń wẹ̀ fún, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà karí.

Ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ṣèpàdé lórí bí wọ́n ṣe máa wó ilé náà, ó kó àwa obìnrin lẹ́yìn, ó ní ká kọ́kọ́ kí àwọn tó wà níjókòó dáadáa. A bá ń kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, “Ẹ káàsán sà, ẹ káàsán mà,” láti ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì dé ìparí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú wọn débi pé bàbá onítáì kan kúnlẹ̀ padà. Ta ló fẹ́ pàṣẹ kí wọ́n wó ilé lójú ẹni tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀? Wọ́n sún ìpàdé síwájú, wọ́n tún sún un, títí wọ́n fi gbà pé kí àdúgbò máa tún un ṣe.

Ta ló wá fẹ́ tún un ṣe? Ṣé àwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru, tí à ń wa bọ́ọ̀sì ní ìdájí? Mummy Faiz ní kò le rárá, àáró la máa ṣe, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣe nílé. Wá ṣiṣẹ́ ní Alma ní Sátidé yìí. Sátidé míì, gbogbo wa á ya bo ilé rẹ láti bá ọ ṣe tìẹ. Àwọn òyìnbó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀tàn ni. Ìgbà tí wọ́n rí i tí a kó àkàsọ̀ wọ ilé Ọ̀gbẹ́ni Whitlock, alága ìgbìmọ̀ tíátà, tí a kun pálọ̀ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ni wọ́n tó gbà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù ní Alma la fi kùn ún. Òun kọ́ ló yàn án, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀ dòní.

Mo ṣì ń rí obìnrin náà lórí àkàsọ̀, ó di ìborùn mọ́rí, ó ń pariwo fún àwọn ọkùnrin nísàlẹ̀ pé kí wọ́n di àkàsọ̀ mú, kí wọ́n yéé wo òun. Tó bá rẹ èèyàn, á ní kó lọ jókòó sórí àga pupa kan bí òǹwòran, kó máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó kù. Mi ò mọ ẹlòmíì tó lè fi ẹ̀fẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn báyẹn. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Wọ́n ṣí Alma nínú oṣù kẹrin. Wọ́n kan pátákó idẹ kan mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ Whitlock ló wà lókè, gàdàgbà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ti agbẹjọ́rò, ti ayàwòrán ilé, àti ti ọkùnrin kan tí a ò rí rí àfi ọjọ́ tó wá jẹ bisikíìtì. Nísàlẹ̀ pátápátá: Mrs Faiz, tó gbálẹ̀.

Faiz, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Nathan Way. Kò tíì níyàwó. Ó dúró síwájú pátákó náà nínú kóòtù tó rà nítorí ọjọ́ yẹn.

“Auntie, ṣé o rí i?” ó bi mí. “Wọ́n ti sọ mum mi di wife mi. She saved this place, man. Wọn ò tiẹ̀ mọ name ẹ̀.”

Ẹ̀rín tó fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Faiz jáde, kò wo eré tí wọ́n fi ṣí Alma.

Mo wá ẹni tó jẹ̀bi. Whitlock ní òun béèrè orúkọ lọ́wọ́ Uncle Olúsọjí tó ń ṣojú wa nínú ìgbìmọ̀. Mo lọ bá Uncle Olúsọjí.

“Ah-ah, àbúrò, ṣé èmi ni màá wá máa pe Mummy Faiz lórúkọ? Ṣebí wọ́n kọ́ mi nílé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ proper name, mo ní that is the proper name.”

“Uncle, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ orúkọ ọ̀hún?”

Ó wo bàtà rẹ̀. “Who knows it? Mummy Faiz la ń pè é.”

Ẹ wo irú ọ̀wọ̀ tí a bọ̀. A bọ̀wọ̀ fún un títí orúkọ rẹ̀ fi sọnù. Ṣé òkun ló wà láàárín Alma àti Nathan Way tí wọn ò fi lè lọ bi ọmọ rẹ̀ ni? Àti Whitlock, tó mọ orúkọ ológbò gbogbo aládùúgbò rẹ̀, kí ló dí i lọ́wọ́ tí kò fi béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà fúnra rẹ̀, nígbà tó ń kun pálọ̀ fún un? Ta ló sì sọ fún un pé ilẹ̀ ló gbá? Inú ń bí mi. Wọ́n ní idẹ ni, kò ṣeé tún kọ. Ilé tí igi hù lórí rẹ̀ ṣeé tún ṣe, pátákó kan ni kò ṣeé tún ṣe.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí Whitlock tú pátákó yẹn, kó kọ Saadat Àjọkẹ́ Kareem ṣáájú tirẹ̀, kó sì kọ ohun tó ṣe: òun ló gba Alma sílẹ̀. Kí òun àti Uncle Olúsọjí jọ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Faiz. Mo fún wọn di ìgbà eré Kérésìmesì. Tí nǹkan yẹn bá ṣì wà lára ògiri lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la máa wọlé, iwájú pátápátá la sì máa jókòó sí. Gbogbo ìgbà tí òṣèré bá dákẹ́ láti mí, a ó pe orúkọ Saadat Àjọkẹ́ Kareem sókè, títí Ọ̀gbẹ́ni Whitlock yóò fi mọ̀ ọ́n sórí. Faiz, tí kò pe ìyá rẹ̀ lórúkọ rí láyé rẹ̀, ló ní òun máa kọ́kọ́ pè é.