Obìnrin Tó Ń Tún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀ Ṣe

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni.

Iṣẹ́ tó ń ṣe ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ọpọlọ wọn pé, tí ẹnu wọn mú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí ìwé, ńṣe ni lẹ́tà á máa sá kiri lójú wọn. Irú wọn ló ń bójú tó. Bí ìdánwò bá dé, á bá akẹ́kọ̀ọ́ wọ yàrá kékeré kan tí kò ní ju tábìlì, àga méjì àti aago ara ògiri lọ. Á ka ìbéèrè sókè, akẹ́kọ̀ọ́ á fẹnu dáhùn, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ohun tí ẹnu bá sọ ni kí ọwọ́ kọ.

Màmá Bíírò ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé kì í pa òfin yẹn mọ́. Àánú ló kọ́kọ́ fà á. Ọmọkùnrin kan ń ta kókó nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó bá a tú u. Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, á nà án. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé nǹkan, á fi kún un. Nílé gan-an, ọkọ rẹ̀ kì í rí ọ̀rọ̀ sọ tán. Bàbá náà á ní, "Ó kù kó o máa bá mi sín."

Lọ́dún yìí ni ọmọ télọ̀ kan dé, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n bi í nínú ìdánwò pé kí ló ń mú kí aláìsàn kọ̀ láti lo oògùn. Ọmọ náà dáhùn pé bàbá òun kọ̀ láti lo oògùn torí bàbá náà rò pé bóun bá ti mu ún, òun ti gbà pé òun ń ṣàìsàn nìyẹn. Màmá Bíírò wò ó pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ohun tó wà nínú ìwé ló kọ sílẹ̀.

Ọmọ náà gba mọ́kànléláàádọ́rin. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó wá sí ọ́fíìsì Màmá Bíírò.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mọ́kànléláàádọ́rin! Ṣé o ti sọ fún màmá ẹ?"

"Rárá, mà. Bàbá mi dà?"

"Bàbá ẹ kẹ̀?"

"Bàbá mi tí mo sọ nínú ìdáhùn kẹta. Mo ní kí olùkọ́ kà á fún mi, mi ò gbọ́ bàbá mi níbẹ̀. 'Àìtó ìlanilọ́yẹ̀' ni mo gbọ́. Mà, ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Màmá Bíírò rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo kàn bá ẹ tún un ṣe ni. O ò rí máàkì tó gbé wá?"

"Máàkì yín ni, mà. Bàbá mi ti kú. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí."

Ooru mú obìnrin náà láti ọrùn dé etí. Kò rí ibi tó máa gbójú sí.

"Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì," ni ọmọ náà wí, "kí wọ́n fagi lé máàkì náà, kí n tún ìdánwò ṣe. Ẹ bá mi kọ ọ́."

"Èmi?"

"Àbí iṣẹ́ yín kọ́ ni?"

Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Ó mọ̀ pé lẹ́tà yẹn lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ó lè ní kí ọmọ náà wá ẹlòmíì lọ. Ó mú bíírò.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jáde, mà. 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Màmá Bíírò dáa sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n jí ọ̀rọ̀ mi. Rárá, wọn ò jí i, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Rárá, jíjí náà ni. Wọ́n rò pé mi ò lè dá sọ nǹkan gidi.'"

Ọwọ́ ń yún obìnrin náà láti tún un ṣe. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tòun ti "rárá" méjèèjì. Ó kà á padà. Nígbà tó dé ibi olè jíjà, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀.

"Ẹ tún ibẹ̀ kà, mà. Mi ò gbọ́."

Ó tún un kà.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé lẹ́tà náà lọ. Ọ̀gá kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó kà á tán, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mà? Ká sọ pé ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà."

Ọ̀nà ti là fún un. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló kù kó wí.

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni," ló wí. "Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tàwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ nínú gbogbo ohun tí mo kọ."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lẹ wá ń sọ ìyẹn fún mi sí?"

Ọ̀gá ní ẹlòmíì ló máa jókòó ti ọmọ náà nígbà tó bá tún ìdánwò ṣe. Ó ní kí Màmá Bíírò lọ sílé títí àwọn á fi pè é.

Lẹ́nu géètì, ọkùnrin kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ tipẹ́ rí i, ó pariwo: "Màmá wa! Ẹ̀yin lẹ sọ mí dèèyàn!" Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó yára kọjá.

Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ ní kúkúrú.

"Ṣé wọ́n á lé ẹ ni?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Ìwọ náà ńkọ́, kí lo rò?"

"Ojú ń tì mí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹyin sísè kan. Kò jẹ ẹyin náà tán.