Ẹfọ̀n Tí Bàbá Àgbà Búra Pé Ó Ti Kú

Mo rántí ìgbà tí bàbá àgbà mi ṣì máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní àdúgbò Boukoki, ní Niamey. Inú àgbàlá ni ó máa ń kọjú sí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń gún jéró, ohùn nìkan ni ó sì fi ń mọ ẹni tó wọlé. Lẹ́yìn sáà tí èmi àti òun jọ lọ sí igbó ẹfọ̀n ni ó yí àga rẹ̀ padà. Ó gbé e ti ògiri, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ tì í gbọn-in, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń jókòó títí ó fi kú. Mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. N ó gbìyànjú láti ya ohun tí mo fi ojú ara mi rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún mi, nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́.

Ilé ọdẹ ni wọ́n bí bàbá àgbà sí, ní abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ni ó wá tà ní Niamey nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó tà á títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù ní Zongo. Ó bímọ, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù náà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn ní, "Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀." Àga rẹ̀ kúrò nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń wọn aṣọ, ó dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ó bọ́ síta, nígbà tó yá, àga náà dé ilé. Àwọn àgbà a máa sọ pé arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aláṣọ kì í pàtẹ àkísà. Mo rò pé ìyẹn ni ó lé e padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Amọ̀nà òyìnbó kan wà tó máa ń kó àlejò lọ dọdẹ ẹfọ̀n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú igbó tó wà ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya, téèyàn bá ti kọjá ìlú Say tó sì ré ààlà orílẹ̀-èdè kọjá. Ó ń wá ẹni tó lè ka ojú ilẹ̀, bàbá àgbà sì di atọpasẹ̀ rẹ̀.

Èmi ní tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, n kò sì ríṣẹ́. Mo gbà nígbà náà pé ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ẹ̀rí kò yẹ ní sísọ, ìgbàgbọ́ yìí kò sì jẹ́ kí àwọn èèyàn fẹ́ bá mi jókòó pẹ́ nídìí oúnjẹ. Bàbá àgbà gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Zarma, ó gbọ́ Hausa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Faransé kọjá ìkíni. Ògbufọ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò wá lọ́dún yẹn. "Mùṣé," bàbá àgbà pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ nílùú yìí. Kì í ṣe láti fi yìn mí. "Wá bá mi lọ, kí Faransé rẹ bọ́ ẹ. Ó ti pẹ́ tí àwa ti ń bọ́ òun."

Akọ ẹfọ̀n tó ti darúgbó nìkan ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Amọ̀nà ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò tó wá ní sáà yẹn, ọkùnrin òyìnbó kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí a ń jẹun àárọ̀. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá àgbà. Ó ní bí akọ ẹfọ̀n bá ti dàgbà, tí ìwo rẹ̀ ti gbó, tí etí rẹ̀ ti ya, àwọn ọ̀dọ́ inú agbo a lé e jáde. Á wá máa dá jẹ̀ lẹ́bàá omi, tàbí kí òun àti arúgbó bíi tirẹ̀ jọ máa jẹ̀. Kò ní iṣẹ́ kankan fún agbo mọ́, nítorí náà bí wọ́n bá pa á, agbo kò pàdánù nǹkan kan. Mo gbé e yẹ̀ wò, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Bàbá àgbà fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ rẹ̀, ó mu díẹ̀.

"Sọ fún un pé mo gbọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ mi gbọ́ ọ."

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, amọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ìlànà kan wà ní ibùdó náà. Bí ìbọn bá ba ẹfọ̀n tí kò sì ṣubú, a kò gbọdọ̀ padà àfi bí atọpasẹ̀ bá sọ pé ó ti kú. Ẹfọ̀n ọgbẹ́ kì í sá lọ bí àgbọ̀nrín. Á rìn jìnnà díẹ̀, á yí po, á wá fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ipasẹ̀ ara rẹ̀, á máa retí ẹni tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀. Bí àwọn tó ta á níbọn kò bá wá, ẹni yòówù tó bá kọ́kọ́ gba ibẹ̀ ni yóò gba ìjà wọn. Ìbọn ti ba etí amọ̀nà jẹ́, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, torí náà etí àti ojú atọpasẹ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ó ti bá Mùsùlùmí gbé pẹ́, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti rìn látàárọ̀ nínú oòrùn lè sọ ohunkóhun kó lè padà sílé. Bí atọpasẹ̀ bá ní, "Ó ti kú," ìbéèrè kan ló máa ń bi í: "Wàláhì?" Bí atọpasẹ̀ bá búra, a ó padà, igún á sì júwe òkú ẹran náà fún wa lọ́jọ́ kejì.

Àlejò yẹn yìnbọn fún ẹfọ̀n arúgbó kan tí etí òsì rẹ̀ ti fà ya. Mo rí i nígbà tí ọta bà á. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí a rí lórí koríko náà dúdú, kò hó, àmì pé ọta kò kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bàbá àgbà fi ìka kàn án, ó nu ìka náà sára ewé, kò sì bá mi ṣàwàdà kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló ṣáájú, amọ̀nà tẹ̀lé e pẹ̀lú ìbọn, èmi tẹ̀lé amọ̀nà, àlejò sì ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. A rìn títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ipasẹ̀ náà yí, ó yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì mú wa dé ọ̀nà tóóró kan tí àwọn obìnrin abúlé fi ń lọ pọn omi. Mo rí ojú ẹsẹ̀ wọn lórí iyanrìn, mo rí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, mo rí ti ọmọdé.

Bàbá àgbà dúró. Ó wo inú igbó ṣúúrú tó wà ní òdì kejì ọ̀nà náà. Mo wo ibi tó ń wò. Ẹ̀ka igi ni mo rí, àti òkùnkùn abẹ́ wọn. Òórùn kan wà níbẹ̀, bíi ti gáà màlúù. Àwọn ẹyẹ kékeré kan fò sókè láti inú igbó náà. Bàbá àgbà yíjú padà. Ojú rẹ̀ kọjá lórí amọ̀nà àti ìbọn ọwọ́ rẹ̀, ó sì bà lé mi, ó dúró lára mi.

"Ó ti kú," ó ní. "Ó wà lọ́hùn-ún, ní iwájú. Mo gbọ́ igbe ikú rẹ̀."

Èmi kò gbọ́ igbe kankan. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe sọ ọ́.

Amọ̀nà wò ó lójú. "Wàláhì?"

Àlejò ti jókòó sílẹ̀, ó ń tú bàtà rẹ̀.

"Wàláhì," bàbá àgbà ní.

Lọ́jọ́ kejì, igún kankan kò fò. Bàbá àgbà ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kò bá wa jáde. Nínú igbó ṣúúrú yẹn, a rí ibi tí nǹkan wúwo kan ti tẹ koríko mọ́lẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí, tó sì kọjú sí ọ̀nà àwọn obìnrin. Ẹfọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́. Ipasẹ̀ rẹ̀ dé orí ilẹ̀ olókùúta, ó sì parẹ́. Amọ̀nà ránṣẹ́ sí baálé abúlé náà pé kí àwọn obìnrin má ṣe gba ọ̀nà odò fún ìgbà díẹ̀. Bóyá iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn ní àkókò, n kò mọ̀. Kí sáà mìíràn tó dé, àwọn oníbọn tí kì í ṣe ẹfọ̀n ni wọ́n ń wá ti gba igbó yẹn, ibùdó sì tú ká.

Nígbà tí a padà dé Niamey, bàbá àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Zongo, ó gé aṣọ fún ọmọ kéwú mẹ́wàá ní àdúgbò wa. Àwọn bàbá mi rò pé sàráà ni. Lẹ́yìn náà ni ó yí àga padà. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ó ń fẹsẹ̀ kọ ohun tó bá wà nílẹ̀, wọ́n mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà ní awọ funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún yìí. Ó yà á lẹ́nu pé bàbá àgbà ṣì ń dá rìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti ọsibítù dé ni ó pè mí.

"Mùṣé, mo rí i," ó ní. "Ó dúró nínú igbó yẹn, ó gbé orí sókè. Kò wo èmi. Kò wo oníbọn. Ìwọ ni ó ń wò. Bí mo bá ní ó wà láàyè, amọ̀nà á wọ inú igbó tọ ẹfọ̀n náà lọ, ìwọ náà á tẹ̀lé e, nítorí pé ẹnu wa ni ìwọ."

Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà àwọn obìnrin nìyẹn."

"Mo rí ojú ẹsẹ̀ wọn."

Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé òun ti lọ bá àfáà nípa ìbúra náà. Aṣọ tí òun fi wọ àwọn ọmọ kéwú, òun rò pé ó lè jẹ́ ìtánràn. Àfáà mi orí. Ó ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ Ọlọ́run búra irọ́, aṣọ kò bo irú ìbúra bẹ́ẹ̀. Àfi bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ni ó fi gbà là. Ìyẹn lè yàtọ̀.

"Nítorí náà ni mo ṣe ń bi ọ́," bàbá àgbà ní. "Dókítà ní n kò ríran. Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí i?"

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà lè gbà. Ó lè jẹ́ pé ó rí ẹfọ̀n náà lóòótọ́, tó sì búra irọ́ nítorí mi. Ó sì lè jẹ́ pé kò rí nǹkan kan, pé ó ti sọ ipasẹ̀ náà nù, ẹ̀rù sì ń bà á kí amọ̀nà má baà gbé àga rẹ̀ síta bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe. Ibi tí wọ́n ti tẹ koríko mọ́lẹ̀ kò lè dá ẹjọ́ yìí, nítorí koríko kì í sọ àkókò.

"Mo rí ẹyẹ, Bàbá," ni mo sọ.

"Irú ẹyẹ wo?"

"Kékeré ni wọ́n. Ẹnu wọn pọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. "Àwọn tó ń jẹ eégbọn lára ẹfọ̀n nìyẹn. Wọn kì í bà lé òkú." Kò tún bi mí ní nǹkan kan.

Ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ta ẹní kiri láti àdúgbò Kalley wọ ilé wa. Bàbá àgbà gbọ́ bó ṣe ń sọ Zarma, ó bi í níbi tó ti wá. Ọkùnrin náà dárúkọ abúlé àwọn obìnrin ọ̀nà odò yẹn gan-an. Òun àti ìdílé rẹ̀ sá wá ni. Bàbá àgbà bi í nípa òjò. Ó bi í nípa jéró, ó bi í nípa àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Nígbà tí ọkùnrin náà ń ká àwọn ẹní rẹ̀, ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí: "Kí a tó fi ilé sílẹ̀, a ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà odò sílẹ̀." Bàbá àgbà ra ẹní kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde. Mo dìde láti sá tẹ̀lé e.

"Jókòó, Mùṣé," bàbá àgbà ní.

"Bàbá, mo kàn fẹ́ bi í ni."

"Mo mọ̀. Bí o bá bi í, á dáhùn."

Mo jókòó.

Ó ti kú báyìí. Èmi ti ríṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni láti wádìí ohun tí àwọn èèyàn bá sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti pàdé ẹlẹ́ní náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní Kalley. Ó rántí mi, ó kí mi, ó béèrè bàbá. Mo sọ fún un pé bàbá ti lọ. Ó ṣàdúrà fún un, mo ṣe àmín, mo sì kọjá sí òdì kejì títì. Ó lè jẹ́ pé àwọn oníbọn ló lé wọn kúrò ní ọ̀nà odò, kì í ṣe ẹfọ̀n. Ìyẹn ló ṣeé ṣe jù. Mo ti rò ó dáadáa, n kò sì rí ìdí tí kò fi yẹ kí n gbà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹyẹ yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń rántí wọn, méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n, n kò sì lè sọ bóyá ẹnu wọn pọ́n kí bàbá àgbà tó bi mí. Nísinsìnyí wọ́n pọ̀, ẹnu wọn pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá rin ìrìn ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ èyí tó ṣáájú, n kò sì mọ èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àga náà ṣì wà níbi tó fi í sí. Nígbà tí mo bá lọ kí wọn nílé, orí rẹ̀ ni mo máa ń jókòó, kí n fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní nítorí ibòji ni. Àárọ̀ ni ibòji máa ń wà lẹ́bàá ògiri yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń lọ.