Awò Dúdú Níwájú Àna

Àṣàkẹ́, ọmọ alárè, ọmọ awùjalẹ̀, ọmọ arójòjoyè. Ìyàwó mi ló kú.

Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni mo ti fẹ́ràn awò ojú tó dúdú. Mo ní wọn kún àpótí kan, èyí tí mo rà ní Ọ̀báníkòró àti èyí tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́. Etí ìró rẹ̀ ni Àṣàkẹ́ fi ń nù wọ́n fún mi. A sì máa ní, "Baálé mi, oòrùn wo ló wà ní pálọ̀?"

Nígbà tó kú, mo wọ èyí tó dúdú jù. Wọ́n fi mí jókòó sí pálọ̀ wa ní Abúlé Òkúta, wọ́n ní ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í jáde. Àlejò ń wọlé ṣáá, kò sí ibi tí mo lè sá sí. Abẹ́ awò yẹn nìkan ni mo ti ń ráyè sunkún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dé láti Ìjẹ̀bú, ó dúró níwájú mi.

"Àna wa, a kì í fi awò dúdú kí àna. Ẹ bọ́ ọ."

Mo ní ojú ló ń dùn mí.

"Irọ́ ni. Wọ́n ní ẹ ò tíì sunkún, fáàrí lẹ̀ ń ṣe."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bọ́ ọ. Ojú mi ti wú, kò ṣeé là dáadáa. Ó wò mí títí, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ wọ̀ ọ́ padà," ó ní. "Ojú yìí á lé àlejò lọ."

Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́. Gbogbo pálọ̀ ti rí mi. Ọjọ́ Ẹtì la sin Àṣàkẹ́.