Àǹtí Bọ́tìnnì Lẹ́nu Ọ̀nà Ọmọ Rẹ̀

Ọdún tí ogun parí ni wọ́n bí i, gbogbo àgbà ló sì ń sọ fún òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ló máa jẹ ìgbádùn ayé. Ó gbà wọ́n gbọ́. Ìdí ẹ̀rọ tó ń lu ihò bọ́tìnnì ló jókòó sí nílé-iṣẹ́ aṣọ, láti ìgbà ọmọge títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àǹtí Bọ́tìnnì.

Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ, kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ìyá àgbà a sì máa sọ fún un pé, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, pé ọmọ tirẹ̀ náà á ṣe é fún un. Àmín kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti kú kí òun tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ìdágbére fún un níbi iṣẹ́, kò tíì dé ẹnu géètì tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ rẹ̀ palẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó di aṣọ sínú báàgì, ó gba ilé ọmọ kan ṣoṣo tó bí lọ. Ìlẹ̀kùn wọn kò ní ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́; nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀ kó tó ṣí. Kò sì mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Aládùúgbò kan bi í pé ta ló ń wá. Ó ní ilé òun ni. Ìyẹn wo báàgì náà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ tó dé. Wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n gbé báàgì wọlé.

"Màmá, ẹ bá ti pè wá kí ẹ tó máa bọ̀."

"Mo ti fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ilé ni mò ń bọ̀."

Ọmọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ilẹ̀. Ọmọ náà wá rọra ṣàlàyé pé yàrá tó ṣẹ́ kù ni òun ti ń ṣiṣẹ́, pé àwọn méjèèjì kì í sí nílé lọ́sàn-án, pé ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan wà tó mọ́ tónítóní.

"Ṣé ẹ ti lọ wò ó?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, Màmá."

Kò bá a jà. Kí ló fẹ́ bá a jà sí? Ohun tí ọmọ náà sọ, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Nínú ilé ìtọ́jú náà tó ń gbé lónìí, kò sí obìnrin kan lára àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun tí kò tọ́jú ìyá ọkọ tàbí ìyá tirẹ̀ dójú ikú. Wọn kì í sọ ọ́. Bí ọmọ ẹnì kan bá yọjú, àwọn yòókù á tún ìjókòó ṣe, wọ́n á fa aṣọ wọn gún, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa rò pé ẹnikẹ́ni ò wá wo àwọn.